Tẹlifíṣọ̀n fọ́, laptop wà nílẹ̀: Báwo ni èèyàn ṣe lè wo ìkànnì lórí rẹ̀?

Bọ́ọ̀lù ọmọdé kan ṣoṣo ti tó láti ba tẹlifíṣọ̀n ilé jẹ́. Ojú rẹ̀ á là, dúdú á bo ìdajì rẹ̀, ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi á sì fà wálẹ̀ láti òkè. Tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé owó ojú tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí owó tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni dikódà ṣì wà níbẹ̀ tó ń tanná, owó oṣù tí wọ́n san sí i kò tíì tán, bọ́ọ̀lù alẹ́ ọjọ́ náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnìkan nínú ilé á ti sọ pé, "Ẹ gbé laptop wá, ẹ jẹ́ ká fi wáyà HDMI so ó mọ́ dikódà."

Wọ́n á so ó, kò ní sí nǹkankan. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un so. Wọ́n á pa dikódà, wọ́n á tún un tàn. Wọ́n á lọ yá wáyà aládùúgbò. Laptop ò ní ṣe bí ẹni pé nǹkankan kàn án.

Kì í ṣe wáyà ló bàjẹ́, kì í sì í ṣe dikódà. Ihò HDMI tó wà lára laptop, ọ̀nà àbájáde ni, kì í ṣe ọ̀nà àbáwọlé. Àwòrán ń gba ibẹ̀ jáde lọ sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan fíìmù sára ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi ìpàdé, àmọ́ kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Dikódà náà, àbájáde ni tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, bí ẹni so ẹnu ẹ̀rọ omi méjì pọ̀ ni: ìkọ̀ọ̀kan ń tú omi jáde, kò sí èyí tó ń gbà á. Laptop tí wọ́n ṣe ihò àbáwọlé sí wà láyé, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n débi pé èèyàn lè má rí ọ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tò sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé ihò méjèèjì jọra, wáyà kan náà ló sì ń wọ̀ wọ́n. Ẹni tó ti so laptop mọ́ tẹlifíṣọ̀n rí, tó sì ṣiṣẹ́, á rò pé bó ṣe lọ náà ló ṣe lè bọ̀.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà rárá ni? Ọ̀nà wà, kódà mẹ́ta ni: kéèyàn gba àwòrán láti inú dikódà, kó gbà á láti inú afẹ́fẹ́ tààrà, tàbí kó gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó wọn ò dọ́gba, wàhálà wọn náà ò sì dọ́gba.

Tó bá jẹ́ dikódà ló wà nílẹ̀

Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń pè ní capture card. Kò ju fìláàṣì lọ púpọ̀. Ẹnu kan lára rẹ̀ ń gba wáyà tó ti ara dikódà wá, ẹnu kejì ń wọ ihò USB laptop. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ àwòrán dikódà di ohun tí laptop lè kà, bí ìgbà tó ń kà á láti ara kámẹ́rà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkíní ń gba HDMI. Èkejì, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní EasyCap, ń gba wáyà olórí mẹ́ta àtijọ́ yẹn, pupa, funfun àti yẹ́lò. Èyí tó ń gba HDMI máa ń mú àwòrán tó mọ́ jáde, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í sì í béèrè kí wọ́n fi sọ́fítíwéè kankan sórí laptop kó tó ṣiṣẹ́. Àwòrán EasyCap kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń nílò sọ́fítíwéè tirẹ̀. Ayédèrú rẹ̀ tún pọ̀ nígboro. Nítorí náà, ó dáa kéèyàn gbé laptop rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tàn án níṣojú rẹ̀ kó tó sanwó.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á sọ pé HDMI lòun máa rà nígbà náà. Kó dúró ná. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lè fi àgádágodo kan tí wọ́n ń pè ní HDCP sí ẹnu HDMI dikódà wọn. Iṣẹ́ àgádágodo yìí ni láti béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn bóyá tẹlifíṣọ̀n gidi ni. Tẹlifíṣọ̀n á dáhùn bó ṣe yẹ, capture card ò ní lè dáhùn, ojú laptop á sì dúdú tàbí kó kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà máa gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tà. Ẹnu olórí mẹ́ta kì í ní àgádágodo HDCP. Ìdí nìyí tí EasyCap tí gbogbo èèyàn ń fojú di fi máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí HDMI olówó gọbọi ti kọ̀. Kó tó di pé èèyàn ra èyíkéyìí, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn dikódà rẹ̀, kó mọ ihò tó wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ihò roboto kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò olórí mẹ́ta, wáyà tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Tí wọ́n bá ti so ó tán, VLC, sọ́fítíwéè ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo fíìmù, ti tó. Wọ́n á tẹ Media lókè, wọ́n á mú Open Capture Device, wọ́n á yan orúkọ capture card náà sí ibi àwòrán, wọ́n á tún yan án sí ibi ohùn, kí wọ́n tó tẹ Play. Ibi ohùn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá máa wo agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì lo Camera tó wà nínú Windows, àwòrán nìkan ló máa rí.

Tí àwòrán EasyCap bá jáde ní funfun àti dúdú, tàbí tó ń yí gbirigbiri, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ PAL àti NTSC sí, kí wọ́n mú PAL. Òun là ń lò ní Nàìjíríà. NTSC, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni.

Wíwo nínú ilé ni gbogbo èyí wà fún o. Ẹni tó bá fi capture card gbé bọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ kan sórí Facebook fún gbogbo ayé, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lè mú un.

Ti inú afẹ́fẹ́ ńkọ́?

Láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, inú afẹ́fẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń gbà wọ ilé àwọn èèyàn. Àwọn tó dàgbà nígbà tí wọ́n ń gun òrùlé lọ yí áńtẹ́nà, tí ẹnìkan á wà nísàlẹ̀ tó ń pariwo "Ó ti dáa, má yí i mọ́!", mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Kò sí dátà, kò sí owó oṣù. Àwòrán ń fò kọjá lórí ilé gbogbo èèyàn, ẹni tó bá ní ohun tó lè gbà á ló ń rí i.

Laptop náà lè gbà á tó bá ní ẹ̀rọ tó ń jẹ́ TV tuner. USB ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì máa ń fi áńtẹ́nà kékeré kan tó dà bí ìka sínú páálí rẹ̀. Kí ẹni tó rà á má gbára lé áńtẹ́nà yẹn. Ẹni tó bá ń gbé ní ìdí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan ló lè gbádùn rẹ̀ nínú yàrá. Áńtẹ́nà ìta, tí wọ́n gbé ga, tí wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí òpó wà, ló ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí owó ti ń ṣègbé jù nìyí, torí kì í ṣe gbogbo tuner tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló lè gba ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ Nàìjíríà. Oríṣi ìgbì méjì ló wà níbí báyìí. Ọ̀kan ni ti àtijọ́, analogue, tí àwòrán rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé òjò yìnyín ń rọ̀ tí agbára ìgbì bá lọ sílẹ̀. Èkejì ni ti ìgbàlódé, digital, tó jẹ́ pé ó mọ́ kedere tàbí kó má sí rárá.

Adéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ni pé kí wọ́n kúrò lórí analogue nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2015. Nàìjíríà ò bá a. Ìlú Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, lábẹ́ orúkọ FreeTV, kí wọ́n tó gbé e dé Àbújá lọ́dún náà. Ilẹ̀ Yorùbá àti agbègbè rẹ̀ rí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀: Ìlọrin ní ìparí 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní 2021. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ètò náà kò tíì dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan ní Òṣogbo lè má ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Orúkọ tó yẹ kéèyàn wá lára páálí ni DVB-T2. Nọ́ńbà 2 yẹn ṣe pàtàkì gidi. Èyí tí wọ́n kọ DVB-T lásán sí ti dàgbà ju ohun tí Nàìjíríà ń lò lọ, òun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó pọ́ọ́kú. ATSC, ti Amẹ́ríkà ni. ISDB-T, ti Japan àti Brazil ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fi tuner ránṣẹ́ sí láti New York, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, kó sì wá nǹkan mìíràn fi ṣe. Fún ìkànnì analogue, tuner náà gbọ́dọ̀ mọ PAL B àti PAL G. Tí wọ́n bá fi sórí PAL I, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán lè dé kí ohùn má dé.

Kódà lẹ́yìn tí T2 bá pé, ọ̀rọ̀ àgádágodo tún ń bẹ. GOtv ń gba inú afẹ́fẹ́ wá lórí DVB-T2, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa. Tuner á rí i, á kọ orúkọ ìkànnì sílẹ̀, kò ní ṣí i. DStv tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, torí òkè ọ̀run, lára sátẹ́láìtì, ni tirẹ̀ ti ń bọ̀, áńtẹ́nà lásán ò sì lè gbà á. Fún FreeTV, dikódà tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n ṣe ètò náà fún, nítorí náà ẹni tó fẹ́ fọkàn balẹ̀, kó lo dikódà náà pẹ̀lú capture card tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Sọ́fítíwéè náà ò rọrùn bíi tàtijọ́. Windows 7 ní Windows Media Center tó lè wá ìkànnì fúnra rẹ̀. Nígbà tí Windows 10 dé ní 2015, Microsoft yọ ọ́ kúrò. Èyí tó bá wà nínú páálí tuner lèèyàn máa lò, tàbí VLC. Tí CD ni wọ́n fi sínú páálí náà, tí laptop ò sì ní ihò CD, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á kí wọ́n tó kúrò níwájú rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn, àmọ́ mítà ń ka owó

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kéèyàn má ra nǹkankan. Channels, TVC News àti Arise News máa ń gbé ètò wọn sórí YouTube bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń san owó DStv lè fi orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wọ DStv Stream lórí laptop. Fún ìròyìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ohun tó dáa tó o.

Ìṣòro ibẹ̀ ni dátà. Tí àwòrán bá wà ní ìwọ̀n tí YouTube ń pè ní 480p, ó lè jẹ tó ìdajì gigabyte tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ní wákàtí kan. Tó bá di 1080p, ó lè tó 3 gigabyte. Bọ́ọ̀lù kan, pẹ̀lú ìsinmi àárín àti àlàyé àwọn ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí méjì ni. Ẹni tí laptop rẹ̀ bá yan 1080p fúnra rẹ̀, ó lè fi bọ́ọ̀lù kan jẹ dátà tó yẹ kó lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ìṣirò yìí ti le sí i. Ní ojú fídíò YouTube, àmì kan wà tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú 480p. Ojú laptop kéré, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ti inú afẹ́fẹ́, bí èèyàn mílíọ̀nù kan bá ń wò ó, kò ní ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò, torí ìgbì kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ti íntánẹ́ẹ̀tì, oníkálùkù ni wọ́n ń gbé tirẹ̀ fún. Lálẹ́ tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù, tí gbogbo àdúgbò sì wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì kan, roboto kékeré yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú laptop. Ó tún máa ń pẹ́ dé ju ti dikódà lọ. Ẹni tó ń wo YouTube á gbọ́ "góòòlù!" láti ilé kejì nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá lójú tirẹ̀.

Àwọn ìtàkùn kan wà tó ń polówó pé àwọn á fi gbogbo ìkànnì ayé hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní kéèyàn kọ́kọ́ gba fáìlì kan sórí laptop, tàbí kó kọ nọ́ńbà káàdì ATM rẹ̀ "láti fi mọ̀ pé àgbà ni". Kò sí ìkànnì tó nílò nọ́ńbà ATM láti mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì máa ń ta fìláàṣì kan tí wọ́n kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì sí lára. Kò gba ìgbì kankan láti inú afẹ́fẹ́. Ìlà tó ń darí èèyàn sí ìtàkùn ọ̀fẹ́ ni wọ́n kó jọ sínú rẹ̀, dátà oníǹkan ló sì ń jẹ.

Fún àwọn tó ní ọmọ lókè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní TV Licence, ì báà jẹ́ lórí laptop, ì báà jẹ́ ìkànnì orílẹ̀-èdè mìíràn. BBC iPlayer náà wà lábẹ́ rẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé òun ò ní tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá, laptop nìkan lòun ní, lè rí lẹ́tà gbà. Àyè kan wà níbẹ̀ tó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín: tí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ní ìwé àṣẹ ní ilé tiwọn lọ́hùn-ún, ó lè wò ó lórí laptop tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé bátìrì inú rẹ̀ nìkan ló ń lò, tí kò so ó mọ́ iná tàbí áńtẹ́nà.

Ní Nàìjíríà, ìwé òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti gba owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lè ti rí àwọn tó ń gbé rìsíìtì rẹ̀ kiri.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Laptop ní bátìrì, dikódà ò ní. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé èyí títí iná á fi lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ dikódà kékeré ló ń lo 12 volt, bíi ti router íntánẹ́ẹ̀tì, mini UPS tí wọ́n fi ń gbé router sì lè gbé e. Kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà dikódà: volt rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti UPS mu, amp UPS ò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti ṣájà. Tí volt ò bá dọ́gba, kí wọ́n má dán an wò.

Fún ilé tí ojú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fọ́, tó jẹ́ pé dikódà nìkan ni wọ́n fẹ́ lò, ó yẹ kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta monitor kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ní ihò HDMI kí wọ́n tó ra capture card. Ihò tirẹ̀, ọ̀nà àbáwọlé ni. Kò nílò VLC, ó máa ń dá àgádágodo HDCP lóhùn, laptop á sì wà fún iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ monitor ni kò ní ẹ̀rọ ohùn nínú, nítorí náà kí wọ́n fi orí pupa àti funfun ẹ̀yìn dikódà so ohùn mọ́ sípíkà ilé, kí wọ́n sì fi yẹ́lò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.